Ṣé lóòótọ́ ni pé ọtí absinthe máa ń jẹ́ kéèyàn rí ìran? Ṣé òfin gbà á?

OmoIjebu_Leeds:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rẹ́ mi kan ti Prague dé, ó mú ìgò ọtí aláwọ̀ ewé kan bọ̀, absinthe lorúkọ ẹ̀, ó ní tí mo bá mu ún màá máa rí ìran bí ẹni tó fagbó, pé torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe fòfin dè é láyé àtijọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní Houston gbọ́, wọ́n ní kí n gbé ìgò yẹn bọ̀ fáwọn tí mo bá ń bọ̀ ní December. Ẹ̀rù kọ́sítọ́ọ̀mù ń bà mí. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ là mí lọ́yẹ̀.

AlagbaBaa:
Àbúrò, fọkàn balẹ̀. UK tó o wà yẹn ò fòfin dè é rí. Switzerland, Amẹ́ríkà (1912) àti Faransé (1915) wà lára àwọn tó dè é. Switzerland tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe ọtí yìí tú u sílẹ̀ ní 2005, Amẹ́ríkà gbà á wọlé padà ní 2007, Faransé wá fagi lé òfin tiwọn pátápátá ní 2011. Thujone ni wọ́n ń wò báyìí, kẹ́míkà kan tó wà nínú wormwood, ewé kan tó korò bí ewúro tí wọ́n fi ń ṣe é. Yúróòpù gbà kó tó mílígíráàmù 35 nínú kílò kan, Amẹ́ríkà ní kò gbọdọ̀ tó 10. Ìgò tó bófin mu ní Leeds lè má bófin mu ní Houston nìyẹn. Má gbé e wọ pléènì rárá, kí ẹ̀gbọ́n ẹ ra tiwọn níbẹ̀, wọ́n ń tà á.

IyaIbeji_Itan:
Ti ìran rírí yẹn máa ń ká mi lára. Ní August 1905, ní abúlé Commugny ní Switzerland, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jean Lanfray yìnbọn pa ìyàwó ẹ̀ tó lóyún sínú àtàwọn ọmọbìnrin wọn méjì. Ife absinthe méjì ló mu lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ wáìnì tó mu pọ̀ kọjá sísọ, ó tún fi cognac lé e, síbẹ̀ absinthe nìkan ni gbogbo ayé ń pariwo, àwọn ará Switzerland dìbò lé e lórí ní 1908, òfin sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1910. Ní Faransé ẹ̀wẹ̀, kòkòrò ti ba ọgbà àjàrà jẹ́, wáìnì wọ́n, làwọn èèyàn bá yà sídìí absinthe, nígbà tí àjàrà padà bọ̀ sípò àwọn oníwáìnì fẹ́ gba ọjà wọn padà, wọ́n dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń gbógun ti ọtí. Dókítà Magnan, oníṣègùn ọpọlọ kan ní Faransé, náà fún ẹranko ní ògidì òróró wormwood, gìrì mú wọn, ó ní bó ṣe ń ṣe ọ̀mùtí nìyẹn. Ṣé ògidì òróró ló wà nínú ife ni? Ní 2008 wọ́n yẹ ìgò 13 wò tó ti wà ṣáájú òfin, thujone inú ẹ̀ ò ju nǹkan bíi mílígíráàmù 25 nínú lítà kan lọ, tá a bá pín in dọ́gba. Ọtí inú ẹ̀ ló le, ó lè tó 70 pásẹ́ǹtì!

Omo_Irele:
Òótọ́ lẹ sọ mà, àmọ́ àwọn kan ṣàìsàn lóòótọ́ nígbà yẹn o, àwọn tó ń ṣe èyí tó pọ́ọ́kú ń fi iyọ̀ kọ́pà pa á láró kó lè dúdú bí ewé. Ní Òde-Ìrèlè ní 2015, àwọn èèyàn fọ́jú, wọ́n kú, àwọn kan ń sọ pé òrìṣà ló ń bínú, àṣé methanol, irú ọtí kan tó jẹ́ májèlé, ló wà nínú ògógóró tí wọ́n mu. Torí náà bi ọ̀rẹ́ ẹ bóyá ṣọ́ọ̀bù gidi ló ti rà á, tí kò bá sí orúkọ ilé iṣẹ́ lára ìgò yẹn, dà á nù.

OmoIjebu_Leeds:
Ẹ ṣé gan-an. Orúkọ wà lára ẹ̀, ó ṣì wà ní títì. Ọ̀rẹ́ mi ní ká fi iná sí ṣúgà tá a máa fi mu ún o?

AlagbaBaa:
Má dán an wò, ọtí yẹn lè gbiná mọ́ ẹ lọ́wọ́. Gbé ṣúgà sórí ṣíbí tó níhò lórí ife ọtí náà, kó o máa kán omi tútù lé e díẹ̀díẹ̀ títí tí omi á fi tó ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún ọtí, wàá rí i tó máa funfun.