Oúnjẹ ọ̀fẹ́ àbí ẹ̀dínwó yàrá ní Disney World: ẹ̀yin tí ẹ ti lọ, kí ni ojú yín rí?

Àdùkẹ́ Lewisham

Ẹ kú ilé, ẹ kú ọ̀nà o. À ń múra àtikó àwọn ọmọ lọ sí Disney World, ọgbà ìgbádùn ńlá tó wà ní Orlando, ní Amẹ́ríkà. Ẹni mẹ́rin ni wá: èmi, baálé mi, ọmọbìnrin ọdún 11 àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 7. Ohun méjì ni wọ́n gbé síwájú wa, ọ̀kan ṣoṣo la sì lè mú níbẹ̀. Yálà ká san owó yàrá pé, kí wọ́n fún gbogbo wa ní ètò oúnjẹ lọ́fẹ̀ẹ́ títí a ó fi kúrò, tàbí kí wọ́n bá wa gé owó yàrá, ká máa fi owó àpò ara wa jẹun. Baálé mi ní oúnjẹ ni, pé ta ló ń bá ọ̀fẹ́ jà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní yàrá ni, pé ọ̀fẹ́ òyìnbó kì í ṣe ọ̀fẹ́. Wọ́n ti sọ ọ́ di ìjà sí mi lọ́rùn. Ẹ jọ̀ọ́, ìrírí yín ni mo fẹ́, kí ẹ sì mẹ́nu ba iye owó.

Bàbá Ọmọ Mẹ́ta, Maryland

Oúnjẹ la mú. Bí mo bá tún ń kó irú ẹbí yẹn lọ lọ́la, òun náà ni màá mú.

Àwa mẹ́fà la lọ: èmi àtìyàwó mi, àwọn ọmọ wa mẹ́ta, àti ìyá mi tó wá kí wa láti Ìbàdàn. Èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ ti pé ọdún 10. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Lọ́dọ̀ Disney, ọmọ ọdún 3 sí 9 ni wọ́n ń kà sí ọmọdé. Tó bá ti pé 10, àgbà ni, àti nínú tíkẹ́ẹ̀tì àti nínú oúnjẹ. Láti March 2020 tí àrùn Kòrónà ti ti ọgbà wọn pa ni wọn ò ti ta ètò oúnjẹ yẹn mọ́, àfìgbà tó di January 2024. Nígbà tó padà dé, 57.01 dọ́là ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àgbà kan lálẹ́ kan fún ètò tó kéré jù, ti ọmọdé sì jẹ́ 23.83. Ẹ wá fi 57.01 lọ́nà mẹ́fà: 342.06 dọ́là lálẹ́ kan.

Yàrá ńlá tó ń gba èèyàn mẹ́fà ní All-Star Music, ọ̀kan nínú àwọn hòtẹ́ẹ̀lì Disney, la dé sí. Ká ní 450 dọ́là ni yàrá náà, tí wọ́n wá gé ìdá kan nínú márùn-ún fún wa, 90 dọ́là ni gbogbo ohun tí a máa rí gbà. Èmi ò mọ ìṣirò púpọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé 342 ju 90 lọ.

Ohun tí ètò kékeré yẹn ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ni oúnjẹ méjì fún alẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá sùn, níbi tí èèyàn ti ń lọ gbà á fúnra rẹ̀ ní káńtà, ìpanu kan, àti ife ńlá kan tí ẹ ó máa rọ ohun mímu sí ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ní hòtẹ́ẹ̀lì nìkan o, kì í ṣe nínú ọgbà. Ojú kan náà ni kírẹ́díìtì gbogbo yín, ìyẹn iye oúnjẹ tí wọ́n kà sílẹ̀ fún yín, máa ń wà, ẹni tó bá wù ú ló lè jẹ ẹ́. Ìyẹn ló kó wa yọ, torí ìyá mi ò rí ti bọ́gà rò. Ó gbé e wò lọ́tùn-ún, ó gbé e wò lósì, ó ní, "Ta ló jẹ ẹ́ kù?" Ọmọ mi ọkùnrin ló jẹ ti Màmá mọ́ tiẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé Animal Kingdom, ọgbà ẹranko wọn, ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Flame Tree Barbecue, ẹran tí wọ́n fi èéfín sun ni wọ́n ń tà. Màmá jẹ adìẹ wọn dé eegun, ó fọ́ eegun, ó wá ní ká béèrè bóyá wọ́n ní ata. Láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó jí, á ti gbé ife rẹ̀ lọ sí yàrá ìjẹun, á rọ omi gbígbóná, á ju Lipton méjì sí i, á wá jókòó máa wo àwọn tó ń sáré lé bọ́ọ̀sì. Ife yẹn ti dé Ìbàdàn báyìí. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ìyá Ìbejì, Houston

Ẹ bá mi kí Màmá o! Àmọ́ tiwa yàtọ̀, Bàbá Ọmọ Mẹ́ta. Yàrá la mú, ó sì sàn wá.

Èmi àti ọkọ mi la lọ, pẹ̀lú àwọn ìbejì tí wọn ò tíì pé ọdún 3. Ọmọ tí kò tíì pé 3 kì í san tíkẹ́ẹ̀tì, kò sì sí nínú ètò oúnjẹ, inú àwo ìyá àti bàbá rẹ̀ ló ti ń jẹ. Nítorí náà, ẹni méjì péré ni ọ̀fẹ́ yẹn kàn nínú wa. Animal Kingdom Lodge sì lọkàn mi wà, nítorí àwọn ẹranko tó ń rìn kiri lábẹ́ yàrá. Hòtẹ́ẹ̀lì olówó gọbọi ni. Nírú ibẹ̀, ètò oúnjẹ ńlá ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ọ̀fẹ́, èyí tí ẹ ó ti jókòó, tí wọ́n á gbé oúnjẹ kan wá bá yín ní tábìlì, tí ẹ ó sì gba ìkejì ní káńtà. 94.28 dọ́là ló jẹ́ fún àgbà kan lọ́dún 2024. Tèmi tọkọ mi á jẹ́ 188.56. Ẹ jẹ́ ká wá ní yàrá jẹ́ 600 dọ́là lálẹ́ kan, tí wọ́n gé ìdá 30 nínú 100: 180 dọ́là. Ẹ máa ní oúnjẹ fi díẹ̀ borí.

Lórí ìwé ni! Èmi tí mo ń lé ọmọ méjì kiri, ìgbà wo ni mo fẹ́ ráyè jókòó jẹ oúnjẹ 188 dọ́là lójúmọ́? Owó yàrá tí wọ́n gé, inú àkáǹtì mi ló wà, mo lè fi ra páḿpásì. Oúnjẹ ọ̀fẹ́, àfi tí mo bá jẹ ẹ́.

A fi owó ara wa jẹ búfè lálẹ́ ọjọ́ kan ní Boma, ilé oúnjẹ inú hòtẹ́ẹ̀lì yẹn tó ń se oúnjẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Nǹkan dídùn kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní zebra dome, ó rí roboto, funfun, wọ́n wá fi ṣokoléètì fa ilà sí i lára. Ọkọ mi ò jẹ́ kí n ka iye tó jẹ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, mo ra búrẹ́dì, mílíìkì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti omi lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n gbé e wá bá wa ní hòtẹ́ẹ̀lì. Fíríìjì kékeré wà nínú yàrá. Gàrí Ìjẹ̀bú tí mo dì láti Houston, omi tútù, ẹ̀pà, ṣúgà díẹ̀, lórí bálíkónì, tí àgùnfọn ń já ewé jẹ nísàlẹ̀. Ẹ wá bá mi ṣírò iye kírẹ́díìtì tí ìyẹn jẹ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Wọ́n dárúkọ gàrí wa, mo ti dé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ara wa léèrè ìdí tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀fẹ́ rárá. Ọdún 2005 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìparí August sí September ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ti wọlé ìwé, tí oòrùn Florida ń jó èèyàn, tó sì tún bọ́ sí àsìkò ìjì líle. Yàrá ń ṣófo. Tí wọ́n bá gé 50 dọ́là nínú owó yàrá, 50 dọ́là ti bọ́ lọ́wọ́ wọn pátápátá. Ṣùgbọ́n bọ́gà tí wọ́n ń tà fún yín ní 15 dọ́là, ṣé 15 dọ́là ló ná wọn láti ṣe é? Ìdí nìyẹn tó fi rọrùn fún wọn láti bu oúnjẹ fúnni ju kí wọ́n dín owó lọ. Kì í ṣe pé wọ́n rẹ́ yín jẹ. Ọjà ni.

Tip ńkọ́, owó tí èèyàn ń fún ẹni tó gbé oúnjẹ wá bá a ní tábìlì? Mi ò rí ẹni tó dárúkọ rẹ̀. Ètò oúnjẹ kì í san tip. Tí ẹ bá jókòó sí tábìlì tí owó oúnjẹ yín jẹ́ 250 dọ́là, lóòótọ́ kírẹ́díìtì á gbé e, ṣùgbọ́n tip ìdá 18 nínú 100, ìyẹn 45 dọ́là, inú àpò yín ló ti máa jáde. Ẹ ṣe é lálaalẹ́, kí ẹ wá padà wá sọ fún mi pé ọ̀fẹ́ ni. Ètò kékeré ti orí káńtà ò ní wàhálà yìí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ńlá lọ.

Kírẹ́díìtì ò sì kọjá aago 12 òru ọjọ́ tí ẹ bá kúrò ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹ lọ wo ṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ lálẹ́ ìkẹyìn, ẹ ó rí àwọn bàbá tó ti hewú lórí tí wọ́n ń kó suwíìtì àti bisikíìtì olórí Mickey, eku Disney, sínú ọ̀rá bí ẹni tó fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo wà lára wọn. Kíláàsì ọmọ mi ló jẹ ẹ́.

Iye tí ẹ̀yin fúnra yín ì bá ná lórí oúnjẹ ká ní kò sí ọ̀fẹ́, òun ni kí ẹ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀dínwó. Ẹ gbàgbé iye tí Disney lẹ̀ mọ́ ètò náà lára.

Ìyá Ìbejì, Houston

Ohun tí mo ń sọ nìyẹn! Ìjẹ̀bú ò ní pa yín lẹ́rìn-ín tó bá di ọ̀rọ̀ owó.

Màmá Peckham

Àdùkẹ́ ọmọ mi, má jẹ́ kí àwọn ará Amẹ́ríkà yìí dà ọ́ láàmú. Ọkọ̀ wọn ni wọ́n ń wà lọ síbẹ̀, wọ́n á lo ọjọ́ díẹ̀, wọ́n á padà sílé. Àwa tí a ń ti Ìlú Ọba lọ, tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ 14 ni wọ́n ń tà fún wa, owó bàálù sì ti wọ́n débi pé kò sẹ́ni tó fẹ́ lo ìwọ̀nba ọjọ́.

Oúnjẹ làwa mú, ohun tí mo sì fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé pọ́n-ùn la fi san ohun gbogbo nílé, díẹ̀díẹ̀, kí a tó wọ bàálù. A débẹ̀, a ò ní gbèsè oúnjẹ lọ́rùn. Ẹni tó ń fi káàdì ra oúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, báńkì ń yọ tiẹ̀, dọ́là ń yọ tiẹ̀, iye tí wọ́n sì kọ sára pátákó ní Amẹ́ríkà kọ́ ni wàá san, owó orí ìdá 6.5 nínú 100 á tún gun orí rẹ̀. London ti bà wá jẹ́, iye tí a bá rí là ń san.

Ibi tó kù sí ni pé oúnjẹ náà á sú yín. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ mi tó jẹ́ pé chips lẹ̀mí ẹ̀ ní Peckham wá bá mi ní kọ̀rọ̀, ó ní, "Mummy, ṣé kò síbi tí wọ́n ti ń ta ìrẹsì àti ọbẹ̀?" A wọ takisí lọ sí ilé oúnjẹ àwọn ará wa kan nígboro Orlando. Owó takisí ju owó oúnjẹ lọ. Mo bá wọn jẹ àmàlà níbẹ̀, mi ò kábàámọ̀. Fi irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìṣirò rẹ, ọ̀fẹ́ yòówù kí wọ́n fún ọ.

Àdùkẹ́ Lewisham

Mo dúpẹ́ o, ẹ̀yin àgbà mi. Ọ̀rọ̀ ọdún 10 yẹn ló là mí lójú, mi ò mọ̀ pé àgbà ni ọmọbìnrin mi lọ́dọ̀ wọn. Mo ti ṣírò ọ́n: àgbà mẹ́ta àti ọmọdé kan, 194.86 dọ́là lálẹ́ kan tí mo bá fi iye tọdún 2024 ṣe é. Hòtẹ́ẹ̀lì Pop Century ni wọ́n fẹ́ fún wa, ẹ̀dínwó yàrá ò ju nǹkan bí 50 dọ́là lọ.

Mo wá ṣe bí Ọmọ Ìjẹ̀bú ṣe wí. Mo ṣí ìwé oúnjẹ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo kọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa máa jẹ lóòótọ́ sílẹ̀. Omi la máa mu, a ò ní ra kọfí, ọmọkùnrin mi á jẹ ìlàjì kó tó ní òun ti yó. Síbẹ̀, ó lé ní 120 dọ́là lójúmọ́. Oúnjẹ náà ni, ètò kékeré. Ẹ̀gbọ́n mi tó ní yàrá ni ò sì purọ́, torí òun àtọkọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń lọ, hòtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá ni wọ́n sì máa ń dé sí.

Ìbéèrè méjì ló kù. Àwọn ọmọ fẹ́ jẹ oúnjẹ àárọ̀ pẹ̀lú Mickey, ṣé kírẹ́díìtì kékeré lè gbé e? Ṣé wọ́n sì ń jẹ́ kí èèyàn gbé oúnjẹ tirẹ̀ wọnú ọgbà?

Bàbá Ọmọ Mẹ́ta, Maryland

Kò lè gbé e. Ètò ńlá ló ń gbé ti Mickey, ẹ̀yin máa fi owó san án lọ́tọ̀. Ọjọ́ 60 ṣáájú ni wọ́n ń ṣí i sílẹ̀ fún èèyàn láti gba àyè tábìlì, ẹ jí ní kùtùkùtù ọjọ́ náà, ó máa ń tán.

Ìyá Ìbejì, Houston

Wọ́n ń jẹ́ kí èèyàn gbé oúnjẹ wọlé. Chin-chin, búrẹ́dì, èso, gàrí pàápàá, kò sẹ́ni tó máa dí yín lọ́wọ́. Ìgò onígíláàsì àti ọtí ni wọn ò fẹ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ á yẹ báàgì yín wò lẹ́nu ọ̀nà, torí náà ẹ kó oúnjẹ sókè kó má bàa pẹ́. Ẹran ni kí ẹ má dì mọ́ ẹrù láti London, kọ́sítọ́ọ̀mù á gbà á lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀ òfurufú.