Ẹ gbà mí o, ọ̀pá ìpẹja wo ni kò wúwo tí mo lè fi pa crappie?

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ní Houston: Ẹ kú ilé o, gbogbo ará ilé. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi ni mo ṣe gbé e wá síbí, ẹ má bínú tó bá gùn. Ọ̀pá ìpẹja tó fúyẹ́ ni mò ń wá, crappie, ẹja inú adágún ilẹ̀ Amẹ́ríkà yìí, la fẹ́ fi pa. Oṣù tó kọjá mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù ńlá kan, ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀, irùngbọ̀n ẹ̀ bíi ti wòlíì, ó rí i pé mi ò mọ nǹkan kan, ló bá ki ọ̀pá fíìtì 16 bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní òun làwọn ọ̀gá ń lò. Dọ́là 89! Mo gbé e délé, ìyàwó mi ní ṣé máńgòrò la fẹ́ fi já ni. Kò tó ìṣẹ́jú 10 tọ́wọ́ fi ń gbọ̀n, ẹja já bọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, okùn lọ́ mọ́ igi, oòrùn ń pa wá. Mo dá a padà, wọ́n ní ó ti kan omi, àwọn ò gbà á mọ́. Ṣé kí ọ̀pá ìpẹja má kan omi ni? Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n rà, kó má ju dọ́là 50 lọ. Kẹ́nikẹ́ni má sọ pé kí n lọ ra ọkọ̀ ojú omi o.

Apẹja Conroe: Bọ̀dá, inú ọkọ̀ lẹ ti ń pẹja ni àbí etí omi? Ẹ ò sọ. Fíìtì 16 yẹn kì í ṣe ohun téèyàn ń fọwọ́ mú tọ̀sán tọ̀sán. Àwọn tó ń lò ó máa ń to bíi mélòó kan síwájú ọkọ̀, wọ́n á kì í bọ inú irin tó ń dì í mú, ọkọ̀ á máa rìn jẹ́jẹ́, ọ̀pá á na síta bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn. Ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní spider rigging nìyẹn.

Ìyá Ìbejì Katy: Dọ́là 89 láti pa ẹja tí kò tó àtẹ́lẹwọ́? Ẹja wà lọ́jà o. Ọkọ tèmi náà bẹ̀rẹ̀ báyìí, ọ̀pá kan ló kọ́kọ́ rà, gáréèjì ti kún báyìí, mọ́tò mi ló ń sùn síta. Ọjọ́ Sátidé ni kó mú àwọn ọmọ lọ gé irun, ó ti lọ sétí omi láago márùn-ún. Ẹ lọ bójú tó ilé yín.

Alàgbà Dallas: Ẹ má dá a lóhùn. Ọ̀pá fíìtì 6 tó jẹ́ ultralight, ìyẹn èyí tó fúyẹ́ gan-an, pẹ̀lú ríìlì kékeré tí wọ́n ń yí láti fi ká okùn, okùn tó lè gbé páùn 4, ó parí. Òun ni mo gbé lọ sí adágún Lake Fork ní Texas níbí ní December, òtútù ń jẹ wá, ẹja sì ń jẹ bíi pé wọ́n ń ṣe ìnáwó. Ẹ mọ̀ pé níbẹ̀, láti ọjọ́ kìíní December títí February á fi parí, ẹ ò gbọ́dọ̀ dá crappie kankan padà sómi, kékeré o ńlá o, títí ẹ ó fi pa 25. Inú ibú ni wọ́n wà nígbà yẹn, tẹ́ ẹ bá fà wọ́n sókè tẹ́ ẹ tún jù wọ́n padà, wọ́n á kú dànù ni. Ọ̀rẹ́ mi kan ò mọ̀, ó ń jù wọ́n padà, àwọn game warden tó ń ṣọ́ òfin ẹja pípa sì dé...

Apẹja Conroe: Alàgbà, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òtútù kọ́ ló béèrè. Fíìtì 6 dáa fún ẹni tó ń jù ú jìnnà. Tó bá jẹ́ pé ìdí òpó ni ẹja wà, ọ̀pá gígùn lèèyàn fi ń sọ ìwọ̀ sísàlẹ̀ tààrà.

Alàgbà Dallas: Mo ti ń pẹja kẹ́ ẹ tó dé Amẹ́ríkà.

Ọmọ Ìlàjẹ: Ọ̀pá graphite tí wọ́n ní ó fúyẹ́, ultralight, gbogbo ẹ̀ owó àfiṣòfò ni. Ọparun la fi dàgbà nílé wa, kò sẹ́ni tó ra ọ̀pá rí. Ẹ lọ gé ọparun.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ní Houston: Ìyá Ìbejì, ilé mi wà dáadáa, ẹ ṣeun. Etí omi ni, lórí afárá onípákó tí wọ́n ń dúró sí ní Huntsville State Park. Ọparun wúwo ju èyí tí mo ń sunkún lé lórí lọ. Ẹ má sì dárúkọ ríìlì fún mi, kò ṣeé ṣe.

Alàgbà Dallas: Kí ló dé tí kò fi ṣeé ṣe? Ọmọ ọdún márùn-ún ń yí i.

Apẹja Conroe: Èmi náà ń béèrè. Nǹkan kan wà tẹ́ ẹ ò sọ.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ní Houston: Ó dáa. Èmi kọ́ ni mò ń mú ọ̀pá. Bàbá mi ni. Ẹni ọdún 76. Rọpárọsẹ̀ mú wọn lọ́dún méjì sẹ́yìn, ọwọ́ òsì ò ṣiṣẹ́ mọ́, orí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń jókòó. January ni wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti fi ìwọ̀ tọ́ gbogbo wa, ilé-ìwé wa, gbogbo ẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé wọn ò rẹ́rìn-ín, àfi ọjọ́ tí ẹja yẹn fà wọ́n lọ́wọ́. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ torí mo mọ̀ yín, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í júwe àgbo.

Ìyá Ìbejì Katy: Háà. Ẹ má bínú sí mi. Olúwa á fún wọn lókun. Àmọ́ àgbo kan wà lóòótọ́ o, màmá mi lò ó...

Admin: Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́.

Alàgbà Dallas: Mo gba ọ̀rọ̀ ríìlì mi padà. Ẹ bá mi kí Bàbá.

Apẹja Conroe: Ó yé mi wàyí. Ẹ ra graphite fíìtì 10, tí ò ní ríìlì rárá, ẹ so okùn mọ́ orí ọ̀pá. Fiberglass lágbára lóòótọ́ àmọ́ ó wúwo. Kí okùn gùn níwọ̀n fíìtì 8, tí Bàbá bá ti gbé ọ̀pá sókè ẹja á wá bá wọn fúnra ẹ̀, kò sóhun tí wọ́n máa yí. Nígbà tẹ́ ẹ bá wà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ má wo ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ẹ̀, ẹ mú un ní ìdí kẹ́ ẹ nà án síwájú. Èyí tórí ẹ̀ bá ń fà sílẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, òun ló ń pa ọrùn ọwọ́. Kí ìdí ọ̀pá gùn kọjá ìgúnpá, kí wọ́n lè gbé apá lé e. Tórí ẹ̀ bá ṣì wúwo, ẹ fi téèpù lẹ òjé kékeré mọ́ ìdí ẹ̀, á bára dọ́gba. Irin ìdìmú kan wà tó ń kọ́ mọ́ apá kẹ̀kẹ́, ẹ ra ìyẹn kí wọ́n lè sinmi.

Ẹja tó ń já bọ́ yẹn, ẹnu crappie ló rọ̀ bíi bébà, béèyàn bá fà á pẹ̀lú agbára, ẹnu á ya. Kí wọ́n kàn gbé e jẹ́jẹ́. Ìwọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ nọ́mbà 6, léfòó kékeré. Ẹ má jẹ́ kí ìjẹ lọ sísàlẹ̀ jù, òkè ni crappie ń wò, ẹ gbé ìjẹ sókè orí ẹ̀ díẹ̀.

Ọmọ Ìlàjẹ: Bàbá yẹn máa mọ̀ ọ́n jù gbogbo wa lọ, ẹ kàn gbé ọ̀pá lé wọn lọ́wọ́. Láísẹ́ǹsì ńkọ́?

Alàgbà Dallas: Inú state park Texas, tó bá jẹ́ etí omi tàbí orí afárá, wọn ò béèrè láísẹ́ǹsì. Àmọ́ ẹ wọn ẹja yín, tí kò bá tó ínǹṣì 10 ẹ dá a padà.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ní Houston: Mo ti rà á, dọ́là 37. Mo mú mẹ́jọ wò nínú ṣọ́ọ̀bù, ọmọ onírùngbọ̀n yẹn ń wò mí láti òkèèrè, mi ò kí i. Bàbá fọwọ́ kan dì í mú ní pálọ̀, wọ́n ní ó jọ ti àwọn. Ó ku ìbéèrè kan, wọ́n ní ekòló làwọn fẹ́, àwọn ò fi ìjẹ oníke pẹja. Níbo ni mo ti lè rà á?

Apẹja Conroe: Ẹ ra minnow, àwọn ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń tà láàyè yẹn. Crappie ò fi bẹ́ẹ̀ ka ekòló sí.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ní Houston: Mo ka èsì yín fún wọn. Wọ́n ní ẹja tó kọ ekòló, ta ló bí i.