Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n fi yàrá ìwádìí sílẹ̀ nítorí rédíò?

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ojúmọ́. Ìbàdàn níbí ni mo wà. Ìwádìí lórí àrùn irè oko ni iṣẹ́ mi. Aflatoxin, ìyẹn oró tó máa ń wà nínú àgbàdo àti ẹ̀pà tó bá ti bu, ni mo fi gboyè ọ̀mọ̀wé. Ó ti lé lọ́dún méjì tí mo ti ń ṣe ètò ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí rédíò ní àràárọ̀ Sátidé, Yorùbá pọ́ńbélé. Mo tún ń kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn kan. Kò sí iṣẹ́ tó ń dùn mọ́ mi tó o.

Ilé iṣẹ́ rédíò náà ti wá ní kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn pátápátá. Ọ̀gá mi níbi ìwádìí sì ti là á mọ́lẹ̀ fún mi pé rédíò ò sí lára ohun tí wọ́n fi ń gbéni ga lẹ́nu iṣẹ́, àpilẹ̀kọ inú jọ́nà, ìyẹn ìwé tí àwọn onímọ̀ ń gbé àbájáde ìwádìí wọn sí, nìkan ni wọ́n ń kà.

Ohun tó wá dá kún un ni pé, lóṣù tó kọjá, mo sọ lórí afẹ́fẹ́ pé májèlé wà nínú àgbàdo tó bá ti bu. Kí n tó délé, ìyá kan tó ń ta àgbàdo nígboro ti pè mí, ẹkún ló ń sun. Ó ní àwọn oníbàárà òun ń bi òun pé kí làwọn fi ṣe òun tí òun fi fẹ́ fún àwọn ní májèlé jẹ. Láti ọjọ́ náà ni oorun ò ti kùn mí dáadáa. Ṣé kí n tẹ̀ lé rédíò, àbí kí n jókòó ti ìwádìí mi?

Ìyá Ìbejì, Mọ́kọ́lá: Dókítà, ẹ pẹ̀lẹ́. Bí mo bá ń sẹ́ ògì ni mo máa ń gbọ́ yín. Tẹ́lẹ̀, àgbàdo tó bá ti bu, màá fọ̀ ọ́ dáadáa, màá ní iná á parí ìyókù. Ẹ̀yin lẹ sọ pé iná ìdáná wa ò lágbára tó láti pa oró yẹn. Ní báyìí, kí n tó rẹ àgbàdo, màá dà á sórí atẹ lẹ́bàá fèrèsé. Èyí tó ní lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ewé lára, èyí tó fọ́, èyí tí kòkòrò ti jẹ, mo ń ṣà wọ́n sọnù ni. Adìẹ gan-an, mi ò fún. Ẹ má fi wá sílẹ̀.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, Òkè Àdó: Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ "májèlé" yẹn ló dá ìjà sílẹ̀. Lẹ́nu Yorùbá, èèyàn ló ń fi májèlé fún èèyàn, ìkà ló ń ṣe é. "Oró" ni kẹ́ ẹ máa pè é. Ejò ní oró, àkekèé ní oró, kò sẹ́ni tó ń rò pé aládùúgbò ló fi í síbẹ̀. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1970, títí kan sáyẹ́ǹsì, wọ́n ní láti wá ọ̀rọ̀ tó bá a mu. Iṣẹ́ ńlá gbáà ni. Ẹ má kà á sí eré, ẹ máa fi ọ̀rọ̀ yín han àgbàlagbà kan kó tó dórí afẹ́fẹ́.

Ọmọ Bẹẹrẹ: Ẹ gba rédíò o jàre! Ìyá mi ò ka jọ́nà kankan rí.

Aṣèwádìí, Agbowó: Èmi ò fara mọ́ ọn kí ẹ kúrò. Michael Faraday ní London, 1827 ló kọ́kọ́ bá àwọn ọmọdé sọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì lásìkò Kérésìmesì, síbẹ̀ 1831 ló ṣàwárí bí mágínẹ́ẹ̀tì tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú wáyà tí a ká ṣe ń mú iná mànàmáná jáde. David Suzuki ní Kánádà, eṣinṣin kékeré tó máa ń yí èso ká ló fi ń ṣèwádìí. Ó bẹ̀rẹ̀ ètò sáyẹ́ǹsì lórí rédíò ní 1975, kò torí ẹ̀ fi yunifásítì sílẹ̀. Ẹ wo IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà lọ́nà Ọ̀yọ́ níbí: àwọn tó ń ṣe Aflasafe, ohun tí wọ́n fi ń dín oró yìí kù lóko, rí i pé lára ohun tó ń mú àgbàdo bu, irú kan wà tí kì í pèsè oró. Òun ni wọ́n ń fọ́n sóko, ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí àgbàdo tó yọ òdòdó, kó lè gbapò lọ́wọ́ èyí tó lóró. Ẹni tó bá wà nídìí iṣẹ́ ló ń tètè gbọ́ irú èyí. Ẹ bẹ rédíò pé ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ lẹ lè fún wọn.

Ẹni tó béèrè, ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà: Ẹ ṣeun gan-an. Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọpọlọ ti adìẹ yẹn. Ẹ̀pà lílọ̀ tó ní oró yìí ni wọ́n fi bọ́ tòlótòló nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1960, èyí tó kú lé ní 100,000. Ibẹ̀ ni ayé ti mọ̀ ọ́n.

Mo ti kọ̀wé sí rédíò pé ọjọ́ méjì ni mo lè wá. Lánàá, mo lọ bá ìyá alágbàdo náà ní ṣọ́ọ̀bù. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n to àpò sí, ó fara ti ògiri tí òjò ń rin. A jọ fi pákó gbé àpò mẹ́rin àkọ́kọ́ sókè, a sì fà wọ́n kúrò lára ògiri. Wọ́n ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpò kan, wọ́n bu ẹ̀kúnwọ́ jáde, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n ní, "Oró nìyí, Dókítà." Wọ́n ń bá mi lọ sí rédíò ní Sátidé.