Owó míṣọ́n tó ń já kó tó dé Ndjamena

akapo_akure:
Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o, ẹ̀yin ará. Ìjọ wa ní Àkúrẹ́ ti gbà láti máa gbọ́ bùkátà ìdílé míṣọ́nnárì kan ní Ndjamena, olú-ìlú Chad. Ogójì ènìyàn ló kọ káàdì ìlérí, náírà sì ni gbogbo wọn kọ. Báwo la ṣe máa ṣe é tí owó ò fi ní máa já lọ́nà?

iya_akapo_ondo:
Ẹ kú àmójútó, sà. Náírà tó wà lórí káàdì yẹn gan-an ni wàhálà. Sẹ́fà (owó CFA) ni wọ́n ń ná níbẹ̀, Sẹ́fà sì so mọ́ Yúrò: láti 1999, Yúrò kan jẹ́ 655.957, kò yẹ̀. Náírà tiwa ló ń sáré. Ẹ jẹ́ kí míṣọ́nnárì fi Sẹ́fà kọ ìnáwó rẹ̀: owó ilé, oúnjẹ, iléèwé ọmọ, oògùn, ìwé ìgbélùú. Tó bá jẹ́ 200,000 lóṣù, bíi Yúrò 305 nìyẹn. 5,000 Sẹ́fà ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ni kẹ́ ẹ kọ sí káàdì, kẹ́ ẹ wá máa kéde iye tó jẹ́ ní náírà lóṣooṣù.

Ẹ ṣí àkáǹtì Yúrò lórúkọ ìjọ, kí ènìyàn méjì máa fọwọ́ sí i. Ẹ fi ti oṣù mẹ́ta ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, torí gbogbo ìgbà tówó bá gbéra ni báǹkì ń yọ tiẹ̀. Níbi owó iṣẹ́ nínú fọ́ọ̀mù, ẹ kọ OUR, ìyẹn ni pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ fowó ránṣẹ́ lẹ máa san gbogbo owó iṣẹ́. Bẹ́ ẹ bá kọ SHA, ìyẹn kẹ́ ẹ jọ pín owó iṣẹ́ san, báǹkì tó wà láàárín á gé e lára owó oúnjẹ wọn. Bí orúkọ ṣe wà nínú àkáǹtì ẹni tó ń gbà á ni kẹ́ ẹ kọ ọ́. "Pásítọ̀" tẹ́ ẹ fi síwájú rẹ̀ lè mú kówó padà wálé, owó iṣẹ́ ò sì ní bá a padà.

oloko_idanre:
Ẹ rántí kókó o. Ọkitóbà sí Disẹ́ḿbà lọwọ́ àwọn àgbẹ̀ ìjọ ń dẹ̀. Tó bá di Jùláì, àpòòwé míṣọ́n á ti fúyẹ́. Ẹ ti ìgbà kókó kó ti oṣù mẹ́ta pamọ́, ní Yúrò. Kí ìgbìmọ̀ ìkọ́lé má sì yá a ra páànù!

akapo_akure:
Ẹ ṣé gan-an ni. Ẹnìkan ń lọ sí Cotonou lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣé kò lè bá wa ṣẹ́ Sẹ́fà níbẹ̀, kí ẹni tó ń lọ sí Ndjamena gbé e dání?

iya_akapo_ondo:
Rárá o, sà. Iye kan náà ni wọ́n, àmọ́ owó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni: BCEAO, báǹkì àpapọ̀ àwọn tó ń ná Sẹ́fà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ló ni ti Cotonou; BEAC, ti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà, ló ni ti Ndjamena. Ọlọ́jà ibẹ̀ á dá a padà ni. Yúrò ni kó gbé dání.