Fóònù màmá mi yí ojú padà, ilé wa sì pín sí méjì. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àbígbẹ̀yìn Màmá
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, àmọ́ ó ti fẹ́ di ìjà láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ kí màmá wa, mo sì rí i pé fóònù wọn ti ń béèrè fún update láti bí oṣù mẹ́ta. Mo ní kí n ràn wọ́n lọ́wọ́. Mo so ó mọ́ iná, mo tẹ̀ ẹ́, ó ṣe tirẹ̀ tán. Nígbà tó máa tan padà, gbogbo ojú fóònù ti yàtọ̀. Àwọn àwòrán áàpù tó máa ń yọ sókè, tó ní òjìji lábẹ́, ti tẹ́ pẹrẹsẹ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Lẹ́tà ti tín-ín-rín. Funfun gba gbogbo ibẹ̀. Kí n má purọ́, èmi fẹ́ràn ẹ̀. Ó mọ́ lójú, kò rí wúruwùru mọ́.

Ọjọ́ kejì ni màmá pè mí lórí fóònù bàbá wa. Wọ́n ní àwọn kọ nọ́ńbà ẹnì kan sílẹ̀, kí ni káwọn tún tẹ̀? Mo ní, "Ẹ tẹ Done, mà. Ó wà lókè lápá ọ̀tún." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ ni mo rí, mi ò rí bọ́tìnì." Mo ní ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni bọ́tìnì. Wọ́n ní, "Ta ló sọ fún un?"

Ìpè náà tún dìṣòro. Tẹ́lẹ̀, bọ́tìnì ńlá méjì ló máa ń jáde, aláwọ̀ ewé àti pupa. Ní báyìí, àmì róbótó kan ni, ńṣe lèèyàn sì máa fà á. Màmá ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, títí ìpè fi gé. Ìpè mẹ́ta ló gé bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹ̀gbọ́n mi ló sì pe méjì nínú ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní èmi ni mo bà á jẹ́, kí n gbé e lọ fún àwọn atúnfóònùṣe kí wọ́n dá ti àtijọ́ padà. Mo ní rárá, ara wọn á mọlé. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe fóònù, kì í ṣe ìjà ni mo gbé wá. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì
Àbúrò, o jẹ̀bi díẹ̀. Ṣé o béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni fóònù kó o tó tẹ̀ ẹ́? Àmọ́ má dààmú. Tèmi náà yí padà nígbà kan, odidi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń wá ibi tí wọ́n gbé aago tó ń jí mi sí. Nígbà tó máa fi di ọ̀sẹ̀ kejì, bí o bá bi mí bí ti tẹ́lẹ̀ ṣe rí, mi ò lè sọ.

Ayàwòrán Áàpù
Iṣẹ́ yíya ojú áàpù ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n gbèjà àwọn tó ṣe é.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lo iPhone ṣáájú 2013 á rántí. Kàlẹ́ńdà ẹ̀ lórí iPad, bí ìwé tí wọ́n fi awọ dì ló rí, wọ́n tiẹ̀ ya òwú tí wọ́n fi rán an sí i létí. Ibi eré, aṣọ aláwọ̀ ewé bíi ti orí tábìlì oníkáàdì ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀. Orí pẹpẹ pákó ni ìwé ń jókòó lé. Ìdí wà fún un. Nígbà tí fóònù yẹn jáde ní 2007, ọ̀pọ̀ èèyàn ò tíì fi ìka fa nǹkan lórí gíláàsì rí. Ohun tí ojú ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi mú wọn lọ́wọ́ wọlé. Ó wá dé ìgbà kan tí kò sẹ́ni tó nílò awọ mọ́ kó tó mọ̀ pé kàlẹ́ńdà lòun ń wò.

Lóṣù October 2012 ni Apple, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe iPhone, kéde pé Scott Forstall tó ń darí iOS, ìyẹn ètò tó ń mú fóònù náà ṣiṣẹ́, máa kúrò, wọ́n sì gbé bí ojú ẹ̀ ṣe máa rí lé Jony Ive, tó ń ya ìrísí àwọn ohun èlò wọn, lọ́wọ́. Ní June 2013 wọ́n fi iOS 7 han aráyé, ó sì bọ́ sórí fóònù àwọn èèyàn ní September 18. Awọ lọ, pákó lọ, aṣọ orí tábìlì lọ. Ariwo tó sọ lọ́dún yẹn ò kéré! Àwọn kan ní àwọ̀ ẹ̀ dà bíi ti nǹkan ìṣeré ọmọdé. Àwọn míì ní ńṣe ló dà bí ẹni ṣí fèrèsé yàrá tó ti pẹ́ ní títì. Ẹ má sì rò pé Apple ló kọ́kọ́ ṣe é. Microsoft ti gbé ojú pẹlẹbẹ sórí Windows Phone láti 2010.

Ojú pẹlẹbẹ rọrùn láti fà gùn tàbí láti sún kì lórí fóònù kékeré àti ńlá, kì í sì í jẹ́ kí ọ̀ṣọ́ bo ohun téèyàn fẹ́ kà mọ́lẹ̀. Ẹ fún màmá lóṣù kan.

Bàbá Tísà
Ìtàn yín dùn, oníṣẹ́ ọnà, àmọ́ ẹ fo ibi tó ń dun ìyá yẹn. Kò sọ pé òun ń wá awọ àti pákó. Ó ní ọ̀rọ̀ lòun rí, òun ò rí bọ́tìnì. Ẹ tún un kà.

Èmi náà ti lé ní àádọ́rin ọdún, mo sì ń fi fóònù ṣe gbogbo nǹkan mi, torí náà kẹ́nikẹ́ni má sọ fún mi pé àgbà ni ìṣòro náà. Ìlẹ̀kùn tí kò ní ọwọ́, tí wọ́n tún fi ọ̀dà kan náà kun òun àti ògiri, ó lẹ́wà lóòótọ́. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ wọlé á máa fọwọ́ pa ògiri kiri. Nínú iOS 7 tẹ́ ẹ̀ ń yìn yẹn, wọ́n yọ ojú ọ̀nà téèyàn máa ń fa ìka gbà láti ṣí fóònù, ọ̀rọ̀ tó ń dán kọjá nìkan ni wọ́n fi síbẹ̀. Lẹ́tà ẹ̀ sì tín-ín-rín bí irun ológbò.

Bó bá sì dára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé táwọn fúnra wọn fi ohun tó ń jẹ́ Button Shapes kún un ní iOS 7.1, ní March 2014? Iṣẹ́ ẹ̀ kò ju kó jẹ́ kí bọ́tìnì tún jọ bọ́tìnì lọ.

Ayàwòrán Áàpù
Bàbá, ẹ má bínú, mi ò sọ pé àgbà ni ìṣòro. Ohun tí mò ń sọ ni pé kì í ṣe títẹ́ pẹrẹsẹ ló jẹ̀bi. Ẹ lè fi àwọ̀ tó dúdú dáadáa kun bọ́tìnì láìsí òjìji kankan, kí ọmọdé rí i látòkèèrè. Ayàwòrán tí kò fara balẹ̀ ló ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lásán tó ń pè é ní bọ́tìnì.

Bàbá Tísà
Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn tí kò fara balẹ̀ pọ̀. Àwọn Nielsen Norman Group, ilé iṣẹ́ tó ń ṣèwádìí bí èèyàn ṣe ń lo ojú ewé àti áàpù, dán an wò ní 2017, wọ́n ń wo bí ojú àwọn èèyàn ṣe ń rìn lórí ojú ewé. Níbi tí àmì pé "èyí ṣeé tẹ̀" kò ti hàn dáadáa, àkókò tí wọ́n lò fi ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ ju ti ibi tó ti hàn lọ.

Ayàwòrán Áàpù
Mo mọ ìwádìí yẹn, sà. Ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n lò, kì í ṣe fóònù. Àwọn fúnra wọn sì sọ pé bí ààyè bá wà dáadáa láàárín nǹkan, tí ohun tó ṣe kókó bá wà níbi tójú ń wá a sí, wàhálà náà ń dín kù. Àmọ́ mo gbà fún yín lórí lẹ́tà tín-ín-rín. Mi ò gbèjà ìyẹn.

Olóòyì
Ẹwà lẹ̀ ń jà lé. Tèmi, òòyì ló kọ́ mi. Nígbà tí fóònù mi yí padà, tí mo bá fọwọ́ kan áàpù, ńṣe lá á fò wá bá mi lójú. Tí mo bá mi ọwọ́ díẹ̀, àwòrán ẹ̀yìn á máa sún bí ẹni ń wo omi látinú ọkọ̀ ojú omi. Mo rò pé ibà ni. Mo lo oògùn ibà! Ìgbà tí ẹnì kan ní kí n tan Reduce Motion, ohun tó ń dín bí àwòrán ṣe ń fò tó sì ń sún kù, ni ara mi balẹ̀. Bi màmá bóyá orí wọn ń fò wọ́n, wọ́n lè má mọ̀ pé fóònù ló fà á.

Atúnfóònùṣe
Iṣẹ́ mi nìyí, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí wọ́n tó gbé fóònù màmá lọ síbi kan. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Kéèyàn máa dá fóònù padà sí ti àtijọ́ kì í ṣe ohun tí mo máa gbà ẹnikẹ́ni níyànjú.

Ọ̀pọ̀ fóònù ló máa ń béèrè àṣẹ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe é kó tó gba ètò tí wọ́n fẹ́ gbé sórí ẹ̀. Bí wọn ò bá fọwọ́ sí ti àtijọ́ mọ́, ó parí. Èyí tó bá tiẹ̀ gbà, ó sábà máa ń nu gbogbo ohun tó wà nínú fóònù nù: fọ́tò, nọ́ńbà, ohùn ìyá ìyá yín tẹ́ ẹ gbà sílẹ̀. Àwọn ihò tí update dí mọ́ àwọn olè lẹ́nu, gbogbo ẹ̀ á tún ṣí.

Ohun tó o máa ṣe nìyí. Jókòó ti màmá, kí fóònù wà lọ́wọ́ wọn, kì í ṣe lọ́wọ́ tìẹ. Nínú Settings, ẹ wá Accessibility, ó wà lórí iPhone, ó wà lórí Android. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí lẹ́tà nípọn, Bold Text ni wọ́n ń pè é. Ẹ fi kún ìtóbi ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí màmá fúnra wọn ní "ó tó". Má fà á dé ìparí o, torí ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gé, wọ́n á wá ní o tún ti bà á jẹ́. Bó bá jẹ́ iPhone ni, Button Shapes tí Bàbá Tísà sọ wà níbẹ̀. Ti fífa ìpè, àwọn fóònù kan wà tó máa ń jẹ́ kéèyàn yàn pé títẹ̀ lòun fẹ́. Wá a nínú Accessibility yẹn náà. Àwọn mẹ́rin tí wọ́n máa ń pè jù, gbé orúkọ wọn síta sí ojú ìwé àkọ́kọ́. Kó o sì ṣíwọ́ lọ́jọ́ yẹn. Má kọ́ wọn ní nǹkan mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìyá Ìbejì
"Kí fóònù wà lọ́wọ́ wọn." Ọlọ́run á bù kún yín. Àwọn ọmọ mi á já a gbà, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ papapa, wọ́n á ní "ó ti ṣe tán, mọ́mì". Mi ò rí ohun tí wọ́n ṣe!

Àbígbẹ̀yìn Màmá
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Bàbá Tísà, mo dọ̀bálẹ̀. Mo padà sọ́dọ̀ màmá lónìí, ẹ̀gbọ́n mi náà sì wá wò mí bí ọlọ́pàá.

Lẹ́tà ti nípọn. Nígbà tí mo tan ohun tó jọ Button Shapes lórí fóònù náà, Done yẹn yọ ìrísí bọ́tìnì. Màmá wò ó, wọ́n ní, "Ṣé o rí i? Wọ́n fi pa mọ́ ni." Mi ò jiyàn. Títẹ̀ ni wọ́n fi ń gba ìpè báyìí. Mo jáde síta mo pè wọ́n, wọ́n gbé e, wọ́n ní, "Kí lò ń wá níta?" Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ṣì ní ti àtijọ́ lẹ́wà jù, màmá sì gbè é lẹ́yìn. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Ohun kan ló kù. Fọ́tò àwọn ọmọ-ọmọ wọn ló wà lẹ́yìn ojú fóònù, aṣọ funfun làwọn ọmọ náà wọ̀, funfun sì ni àwọn ọ̀rọ̀ abẹ́ áàpù. Wọn ò rí nǹkan kan kà. Mo ní ká fi nǹkan tó dúdú rọ́pò ẹ̀. Màmá ní kí n gbé fóònù náà lọ tó bá jẹ́ pé àwọn ò ní máa rí àwọn ọmọ àwọn níbẹ̀.

Ayàwòrán Áàpù
Má yí fọ́tò náà. Ṣe ẹ̀dà ẹ̀ kan, ṣí i níbi tí wọ́n ti ń tún fọ́tò ṣe, kó o dín ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ kù títí aṣọ funfun yẹn á fi dà bí eérú. Fi ẹ̀dà yẹn sẹ́yìn ojú ìwé áàpù nìkan. Èyí tó mọ́lẹ̀, jẹ́ kó wà lójú àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń rí kí fóònù tó ṣí, aago nìkan ló wà níbẹ̀.

Bàbá Tísà
Ẹ ò rí i pé ẹ mọṣẹ́ yín.

Àbígbẹ̀yìn Màmá
Mo ti ṣe é, ọ̀rọ̀ ti ń hàn. Màmá fura, wọ́n ní kí ló dé tí àwọn ọmọ náà dúdú lójú kan tí wọ́n pupa lójú kejì. Mo ní alẹ́ ni wọ́n ya èyí tó dúdú. Wọ́n ní kí n bá àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú fóònù.