Èjìká mi rọ́, kò sì lọ, ẹ gbà mí o

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará ilé, ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Ọlọ́kadà tó gbé mi láti Mókọ́lá ló ń sá fún kòtò, èmi àti àpò iṣu mi bá balẹ̀ gbì, ọkùnrin yẹn ò tiẹ̀ ní pẹ̀lẹ́, owó ẹ ló ń bèèrè. Èjìká ọ̀tún mi ló rọ́. Iyán sì ni mò ń tà o, ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ló ń gún un báyìí, kókó ló kún inú ẹ̀, àwọn kọ́sítọ́mà ti ń yà sọ́dọ̀ ìyá òdìkejì. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi wá ń sọ kiri pé mò ń díbọ́n. Aboniki méjì ló ti tán. Kí ni mo tún lè fi pa á?

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́ ma. Omi gbígbóná àti iyọ̀ ni, kí wọ́n fi táwẹ̀lì tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ohun tí ìyá ọkọ mi fi tọ́jú mi nìyẹn nígbà tí mo bí àwọn ìbejì.

Bọ̀dá Gòkè: Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ ọlọ́mọ tuntun kọ́ rèé. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ́, ọjọ́ 2 sí 3 àkọ́kọ́ wọn kì í fi ooru sí i, wọn kì í wọ́ ọ, ṣe ló máa wú sí i. Omi dídì ni, ẹ fi aṣọ wé e, ìṣẹ́jú 15 sí 20. Bọ́ọ̀lù ni mo gbá tí tèmi fi rọ́. Tó rọlẹ̀ díẹ̀, mo máa ń fi ọwọ́ kejì di tábìlì mú, màá tẹ̀ba, màá jẹ́ kí apá yẹn rọ̀ máa fì díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìka mi ń gun ògiri bí èèrà, lójoojúmọ́ ó ń ga sí i. Ẹni tó bá so ó kalẹ̀ pẹ́ jù, gbígan ló máa gan. Ma, ọjọ́ wo lẹ ṣubú? Ṣé ẹ ti ya X-ray?

Ẹni tó béèrè: X-ray kẹ̀, owó dà? Mo ń gbé e débi àyà, kò kàn kọjá ibẹ̀ ni.

Àǹtí Bísí: Wọ́n ní ọjọ́ wo, ẹ ń sọ owó. Ẹ dákun, ẹ dáhùn.

Ìyá Ìbejì: Ẹ má jágbe mọ́ wọn. Omi gbígbóná yẹn ṣì dáa o.

Táyọ̀ Fìsíò: Ìyá mi, ṣé ó dún nígbà tẹ́ ẹ ṣubú? Ṣé ọwọ́ yẹn lè kan èjìká kejì? Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ apá lókè lápá ìta, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n lára?

Ẹni tó béèrè: Ó dún o, kọ̀ọ́. Kò kan èjìká kejì. Ibi tẹ́ ẹ ní kí n fọwọ́ kàn yẹn ti kú, bíi pé kì í ṣe ara mi, mo rò pé Aboniki ló fà á. Ó ti di ọjọ́ 19. Bàbá kan tó ń to eegun ládùúgbò ti fà á lọ́jọ́ kejì, ó ní ó ti wọlé. Òun náà ló fà á nígbà tó yọ ní 2021.

Táyọ̀ Fìsíò: Há! Ma, rírọ́ kọ́ lèyí jọ, ó jọ pé ó yẹ̀ ni, ó sì lè má tíì wọlé. Ibi tó kú yẹn, iṣan tá a fi ń mọ nǹkan lára ló ṣeé ṣe kó fara pa. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á mọ́, ẹ fi ìborùn so ọwọ́ kọ́ ọrùn, kẹ́ ẹ lọ bá dókítà eegun lọ́la. Ilé ìwòsàn UCH ò jìnnà sí yín. Tó bá pẹ́ jù, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n á fi dá a padà.

Bọ̀dá Gòkè: Ma, ẹ má ṣe èyí tí mo sọ yẹn o! Ti ẹni tó rọ́ lásán ni.

Ẹni tó béèrè: Wọ́n ti fún mi lówó oúnjẹ òkú àgbà kan fún ọ̀la. Ọjọ́bọ̀ ni màá lọ.

Àǹtí Bísí: Ọjọ́bọ̀? Ṣé ẹ ka ohun tí wọ́n kọ?

Ìyá Ìbejì: Sáńgo ni mo wà. Ẹ fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí ínbọ́ọ̀sì mi, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi máa wá gún iyán yẹn láago mẹ́fà, kẹ́ ẹ lè tètè lọ.