Báwo la ṣe lè sún àgbà tí kì í wá sípàdé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láìdájà sílẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. A ní àjọ ẹ̀kọ́ kékeré kan níbí l'Óṣogbo, tó ń bá àwọn ọmọ tí òbí wọn ò rí já jẹ san owó WAEC. A ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní CAC (àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀), ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án ló sì ń darí rẹ̀. Mẹ́sàn-án orí ìwé ni o! Tá a bá pèpàdé ní Òkè-Fìà, àwa mẹ́rin kan náà là ń rí ara wa. Alága wa, olóyè tá a fi orúkọ rẹ̀ wá owó, á ní òun wà lóde òkú.

Ìyẹn ì bá ṣeé gbé mì. Àmọ́ akápò nìkan ló ń buwọ́ lu ìwé báǹkì, bẹ́ẹ̀ CAMA 2020, ìyẹn òfin tó de ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ní ká máa fi ìròyìn ọdọọdún ránṣẹ́ sí CAC láàárín 30 oṣù kẹfà sí 31 oṣù Kejìlá. Akọ̀wé ti kọ tiẹ̀ tán. Ìṣirò owó lọ́wọ́ akápò la ò rí.

Ìwé òfin wa ò sọ iye ọdún téèyàn ń lò nípò. Mo ń rò ó pé ká fi í sí ọdún mẹ́ta, ká wá fi olóyè jẹ baba ìsàlẹ̀, kí iyì rẹ̀ wà, kó má sì dìbò mọ́. Ṣé ẹnikẹ́ni ti ṣe irú ẹ̀ rí? Ta ló yẹ kó bá a sọ ọ́? Mo tún fẹ́ ká mú olùkọ́ kan àti ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tá a ti ràn lọ́wọ́ wọlé, ṣùgbọ́n àwọn kan ní ọmọdé ò gbọdọ̀ jókòó láàárín àgbà. Ẹ bá mi dá sí i.